Ààrẹ, Ẹ Kọ́kọ́ Yà sí Ọ̀fà

Lẹ́tà ṣíṣí sí Ààrẹ orílẹ̀-èdè Nàìjíríà, Bọ́lá Ahmed Tinúbú

Ìlọrin, oṣù Kìíní, ọdún 2026

Ẹ̀yin Ààrẹ wa,

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú, ẹ sì kú ọyẹ́ yìí o. Èdè tí èmi àti ẹ̀yin jọ gbọ́ láti inú ilé ni mo fi kọ lẹ́tà yìí, kí ó má baà jẹ́ pé ògbufọ̀ ni yóò gbé ọ̀rọ̀ mi dé ọ̀dọ̀ yín. Ọmọ Ọ̀fà ni mí, Ìlọrin ni mo ń gbé. Iṣẹ́ tíṣà ni mo ń ṣe. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní jọ́gíráfì.

Àwòrán kan wà tí gbogbo wa ti rí rí. Kim Jong Un ti North Korea ló sábà máa ń wà nínú rẹ̀. Á gbé awò tí wọ́n fi ń wo ọ̀nà jíjìn sójú, àwọn ọ̀gágun á tò yí i ká, tàwọn ti ìwé pélébé àti bírò lọ́wọ́, wọ́n á máa kọ gbogbo ohun tó bá ti ẹnu rẹ̀ jáde sílẹ̀. Lọ́ọ̀ọ́kán, mísáìlì á máa gbéra nílẹ̀, èéfín á gba gbogbo ibẹ̀ kan. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022, ó mú ọmọbìnrin rẹ̀ kékeré dání lọ síbi irú ìran bẹ́ẹ̀, ó fà á lọ́wọ́ bí ìgbà tí bàbá ń mú ọmọ lọ wo ọdún. Àwọn olórí orílẹ̀-èdè fẹ́ràn kí ayé rí wọn níbi tí wọ́n ti ń dán ohun ìjà wò. Kò sì burú kí olórí mọ ohun tí ọmọ ogun rẹ̀ ń lò. Ohun tó máa ń dùn mí ni pé ibi tí nǹkan náà ti ń gbéra nìkan ni awò yẹn máa ń kọjú sí. Ẹni tó wà níbi tí yóò já sí kì í sí nínú fọ́tò.

Ibi tó já sí ni mo fẹ́ bá yín sọ.

Lóru Kérésìmesì tó kọjá yìí, fóònù mi dún. Àbúrò mi obìnrin ló ń pè láti Ọ̀fà. Kò kí mi. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, nǹkan kan dún bí ẹni pé ojú ọ̀run ya. Gbogbo wa la ti wà níta." Mo ń gbọ́ ohùn àwọn ọmọ lẹ́yìn rẹ̀, mo ń gbọ́ ẹnì kan tó ń pe Jésù, tí ẹlòmíràn ń ké Allahu Akbar nínú ọgbà kan náà. Mo bi í bóyá àwọn olè báńkì ló tún dé. Ohun tó kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn nìyẹn, torí láti ọjọ́ 5, oṣù Kẹrin, ọdún 2018, tí àwọn adigunjalè ya wọ àwọn báńkì Ọ̀fà, tí wọ́n pa ọlọ́pàá, tí wọ́n pa aráàlú tó kàn wá gba owó, kò sí ìró ìbọn tí ará Ọ̀fà kò dá mọ̀ mọ́. Ó ní rárá. Ó ní eléyìí ò jọ ìbọn.

Ilẹ̀ mọ́ kí a tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Amẹ́ríkà ni, pẹ̀lú àṣẹ ìjọba yín, ló ń ju àdó olóró lu ibùba àwọn agbésùnmọ̀mí ISIS nínú igbó Bauni, ní ìjọba ìbílẹ̀ Tangaza, ní ìpínlẹ̀ Sokoto. Mínísítà fún ètò ìròyìn, Mohammed Idris, fi àtẹ̀jáde síta. Ó ní láti orí òkun, ní Gulf of Guinea, ni wọ́n ti rán àwọn ohun ìjà náà. Ó ní àfọ́kù wọn já sí Jabo, ní ìjọba ìbílẹ̀ Tambuwal ní Sokoto lọ́hùn-ún, òmíràn sì já sí Ọ̀fà, nítòsí òtẹ́ẹ̀lì kan. Ó ní kò sí aráàlú tó fara gbá a.

Ẹ jẹ́ kí n ṣí máàpù fún yín, torí iṣẹ́ mi nìyẹn. Ẹ fa ìlà kan láti orí òkun wa lọ sí Tangaza. Ọ̀fà wà lójú ọ̀nà ìlà náà. Láti Ọ̀fà dé Tangaza lé ní 500 kìlómítà. Ẹni tó bá fa ìlà yẹn sórí ìwé kí wọ́n tó rán ohun ìjà náà jáde yóò ti mọ̀ pé orí ilé àwọn kan ni yóò gbà kọjá. Àwọn àgbà ní ẹyẹ kì í sọ fún ẹyẹ pé òkò ń bọ̀. Ṣùgbọ́n àwa àti ìjọba wa kì í ṣe ẹyẹ méjì tó pàdé lórí igi.

Mo mọ̀ pé ọdẹ kì í lu agogo kó tó wọgbó. N kò retí pé kí ẹ kéde lórí rédíò lálẹ́ ọjọ́ yẹn. N kò sì bínú pé ẹ kọlu àwọn tó ń pa wá. Ta ni yóò bínú ní Kwara? Ní ọjọ́ 18, oṣù Kọkànlá, ọdún 2025, inú ìsìn ni àwọn agbébọn bá àwọn èèyàn ìlú Eruku, ní ṣọ́ọ̀ṣì CAC. Wọ́n pa èèyàn níbẹ̀, wọ́n sì kó èèyàn 38 wọgbó lọ. Ọjọ́ karùn-ún ni wọ́n tó rí ìtúsílẹ̀. Kí ó tó dìgbà náà, wọ́n ti pa àwọn fijilanté ní Òkè-Òde. Ẹni tí wọ́n wọ́ ìyá rẹ̀ jáde nínú ilé àdúrà kò ní bèèrè irú ìbọn tí ẹ máa fi gbà á padà. Àwọn ṣójà báréékì Sóbì, ti 22 Armoured Brigade, ará ilé wa ni wọ́n ní Ìlọrin níbí. Ọmọ wọn ń bẹ ní kíláàsì mi. Bí wọ́n bá sì fẹ́ ta ìbọn láti fi kọ́ra, wọ́n máa ń kéde fún ará àdúgbò kí àyà wọn má baà já. Ó ṣeé ṣe, Ààrẹ. Àwọn ọmọ ogun tiwa ń ṣe é.

Ohun tó gbé mi dìde kọ̀wé ni ìtàn kan tí mo máa ń sọ fún kíláàsì mi lọ́dọọdún ní àsìkò ọyẹ́. Mo máa ń ní kí ọmọ kan bu omi díẹ̀ sínú àwo pẹrẹsẹ funfun, kí ó gbé e sójú fèrèsé lálẹ́. Tó bá di òwúrọ̀, àwọ̀ omi náà á ti yí padà. Bí a bá rọra da omi nù, eruku á kù nísàlẹ̀ àwo, èyí tó kúnná ju èlùbọ́ tí wọ́n jọ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ. Màá ní kí wọ́n fi ìka kàn án. Wọ́n á fi ìka kàn án, àwọn mìíràn á gbóòórùn rẹ̀, àwọn tó láyà á tọ́ ọ wò. Ìgbà náà ni màá sọ fún wọn pé, "Ilẹ̀ yìí kì í ṣe ilẹ̀ Ìlọrin. Aṣálẹ̀ Sàhárà lẹ fọwọ́ kàn yẹn." Láti ìhà Chad, láti ibi ìsàlẹ̀ ilẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Bodélé, ni èyí tó pọ̀ jù nínú ọyẹ́ wa ti ń wá, ó sì lé ní 1,500 kìlómítà sí wa.

Lẹ́yìn ìyẹn ni màá wá sọ ti ọdún 1960. Ní ọjọ́ 13, oṣù Kejì, nígbà tí ọyẹ́ ṣì ń fẹ́, ilẹ̀ Faransé dán bọ́ǹbù átọ́míìkì àkọ́kọ́ rẹ̀ wò ní Reggane, nínú Sàhárà, ní Algeria tó ṣì wà lábẹ́ wọn. Agbára rẹ̀ jẹ́ 70 kilotons, ó ju ìlọ́po mẹ́rin èyí tí wọ́n jù sí Hiroshima. Bàbá mi ń ṣiṣẹ́ rélùwéè ní Ọ̀fà nígbà náà. Ó sọ fún wa pé ìyá òun fi ọmọrí dé gbogbo àmù inú ilé, ó tún fi aṣọ dì wọ́n lẹ́nu, torí wọ́n ti ń sọ káàkiri pé ọyẹ́ ọdún yẹn ní oró nínú. Ìyá àgbà kò mọ ohun tí átọ́míìkì ń jẹ́. Ó mọ̀ pé afẹ́fẹ́ tó ń gbé eruku wọ inú ilé òun kò mọ ààlà ilẹ̀ ẹnikẹ́ni.

Kò sì ṣì í rò. Nígbà tí ìjọba Faransé tú àwọn ìwé àṣírí kan sílẹ̀ ní ọdún 2013, máàpù kan wà nínú wọn tó fi ibi tí eruku bọ́ǹbù náà dé hàn kí ó tó pé ọ̀sẹ̀ méjì. Ó ti tàn dé Chad, ó ti gba Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà kan títí dé etíkun Ivory Coast, ó ti dé Sípéènì àti Sísílì lókè. Ẹ̀rù ọyẹ́ kọ́ ni mo fẹ́ fi ba ẹnikẹ́ni lónìí o. Èyí tó ń fẹ́ báyìí, ikọ́ àti ètè gbígbẹ ló ń fà. Ti ọdún 1960 ni mò ń sọ.

Ibi tí orí àwọn ọmọ máa ń wú sí nínú ìtàn náà ló kàn. Ọjọ́ 1, oṣù Kẹwàá, ọdún 1960 la gba òmìnira. Ní ọjọ́ 27, oṣù Kejìlá, ọdún náà, Faransé tún dán ẹlẹ́ẹ̀kẹta wò. Ọjọ́ 5, oṣù Kìíní, ọdún 1961, ni Abubakar Tafawa Balewa gé àjọṣe wa pẹ̀lú Faransé. Ó fún aṣojú wọn ní wákàtí 48 kí ó fi jáde nílẹ̀ wa. Ó ní kí ọkọ̀ ojú omi wọn má dé èbúté wa mọ́, kí bàálù wọn má balẹ̀ síbí mọ́. Ìjọba tí kò tíì pé oṣù mẹ́rin ló ṣe bẹ́ẹ̀. Ó sì ná wọn ní nǹkan, torí ọjà àwọn aládùúgbò wa ní Dahomey (Benin òde òní), Niger àti Chad ń gba ọ̀dọ̀ wa kọjá, ìyẹn ni wọ́n sì rò tí wọ́n fi dẹ okùn náà díẹ̀ nígbà tó yá. Oṣù yìí gan-an ló pé ọdún 65.

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ méjèèjì kò dọ́gba. Átọ́míìkì kọ́ ló já sí Ọ̀fà, àṣẹ wa sì wà lórí èyí tó já síbẹ̀. Ẹ̀yin kò ní aṣojú kankan láti lé. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rí lára Balewa ni pé eruku lásán, èyí tí ojú kò lè yà sọ́tọ̀ lára ọyẹ́ yòókù, ó kà á sí ọ̀rọ̀ tó tó olórí ìjọba dá sí nígbà tó ti bà lé orí aráàlú. Tiwa lónìí, irin ni. A rí i, a gbọ́ ìró rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n padà sórí bí àwọn olórí ṣe máa ń lọ wo ìdánwò ohun ìjà. Nígbà tí Algeria bọ́ lọ́wọ́ Faransé, àwọn Faransé kó ìdánwò wọn lọ sí erékùṣù Mururoa nínú òkun Pàsífíìkì. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1966, Charles de Gaulle, Ààrẹ Faransé, fúnra rẹ̀ lọ wò ó. Orí ọkọ̀ ogun De Grasse ló dúró sí. Afẹ́fẹ́ kò dáa. Apá ibi tí èèyàn ń gbé ló ń fẹ́ sí. Wọ́n kọ́kọ́ sún ìdánwò náà síwájú. Ṣùgbọ́n olórí kò lè máa dúró títí, iṣẹ́ ń retí rẹ̀ nílé. Wọ́n yin bọ́ǹbù náà bẹ́ẹ̀. Eruku olóró rẹ̀ bá àwọn ará erékùṣù tó wà ní ìwọ̀-oòrùn ibẹ̀ nínú ilé wọn. Mo ti sọ ìtàn yìí fún àwọn ọmọ ní àìmọye ìgbà, kò sí ìgbà kan tí ọ̀fun mi kì í gbẹ. Bí kì í bá ṣe pé olórí wá wòran, wọn ì bá dúró kí afẹ́fẹ́ yí padà.

Kennedy ti Amẹ́ríkà náà lọ sí ibi ìdánwò wọn ní Nevada ní oṣù Kejìlá ọdún 1962. Wọ́n fi hẹlikọ́pítà gbé e kọjá lórí ihò kan tí bọ́ǹbù gbẹ́ sílẹ̀ ní oṣù Keje ọdún náà, wọ́n ń pè é ní Sedan. Fífẹ̀ rẹ̀ tó 390 mítà, jíjìn rẹ̀ tó 100 mítà. Odidi àdúgbò kan ní Ìlọrin lè wọ inú rẹ̀ tòun ti mọ́sáláṣí wọn. Nígbà tó fi máa di oṣù Kẹjọ ọdún 1963, Amẹ́ríkà, Rọ́ṣíà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti fọwọ́ sí àdéhùn pé àwọn kò ní dán bọ́ǹbù átọ́míìkì wò nínú afẹ́fẹ́ mọ́. Ọ̀rọ̀ púpọ̀ ló bí àdéhùn náà, ihò kan ṣoṣo kọ́. Ṣùgbọ́n ó wù mí kí olórí tó máa fọwọ́ sí irú ìwé bẹ́ẹ̀ ti rí ihò náà rí.

Ẹ̀yin náà sì mọ ti Ìkẹjà. Gómìnà Èkó lẹ̀yin jẹ́ ní ọjọ́ 27, oṣù Kìíní, ọdún 2002, tí ilé ohun ìjà báréékì gbiná. Ó lé ní ẹgbẹ̀rún èèyàn tó kú, obìnrin àtọmọdé ló pọ̀ jù nínú àwọn tí odò Òkè-Àfà gbé lọ, torí wọ́n ń sáré nínú òkùnkùn, wọn kò mọ̀ pé omi ló wà níwájú. Ààrẹ Ọbásanjọ́ wá síbẹ̀. Nínú ariwo àwọn èèyàn, ó fi ìbínú sọ pé kò pọn dandan kí òun wá rárá. Ó ṣàlàyé lẹ́yìn náà pé òun kò tíì mọ̀ nígbà yẹn pé ẹ̀mí ti bá a lọ. Títí di òní, ẹ bi ẹni tó wà ní Ìkẹjà lọ́jọ́ náà, ọ̀rọ̀ yẹn ni yóò kọ́kọ́ rántí. Ẹ̀yin wà nítòsí, ẹ sì mọ bí ojú àwọn èèyàn ṣe rí.

Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ̀ yín. Ní ọdún 2023, ẹ̀yin lẹ fọwọ́ sí òfin tuntun fún DICON, ilé iṣẹ́ ohun ìjà wa tó ti wà ní Kàdúná láti ọdún 1964, kí a lè máa fọwọ́ ara wa ṣe ohun tí a fi ń gbèjà ara wa. Mo fara mọ́ ọn tọkàntọkàn. Ọjọ́ ń bọ̀ tí wọ́n á pè yín kí ẹ wá wo bí wọ́n ṣe ń dán èyí tí àwa fúnra wa ṣe wò. Wọ́n á tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì, wọ́n á gbé awò lé yín lọ́wọ́. Kí ọjọ́ yẹn tó dé, Ààrẹ, ẹ kọ́kọ́ yà sí Ọ̀fà.

Ẹ wá ní ọ̀sán gangan. Ẹ kọ́kọ́ kí Ọlọ́fà, kí ẹ wá rìn dé ibi tí irin náà já sí. Ìjàkadì lorò Ọ̀fà: bí ẹni méjì bá fẹ́ wọ̀yá ìjà nílùú wa, wọ́n á kojú ara wọn, ìlù á dún, ẹni tó fẹ́ sún sẹ́yìn á ti sún sẹ́yìn. Ohun tó ti òkè wá lóru yẹn kò lulù fún wa. Ẹ dúró níbẹ̀, kí ẹ sì mú ẹni tó mọ̀ nípa àwọn ohun ìjà wọ̀nyí dání láti inú ọmọ ogun wa, kí ó ṣàlàyé ní èdè Yorùbá, kí Radio Kwara máa gbé e sáfẹ́fẹ́: irú irin tó jẹ́, bóyá nǹkan tó lè bú gbàmù ṣì lè wà nínú rẹ̀, ẹni tí èèyàn yóò pè bó bá rí òmíràn nínú oko. Bí ògiri ẹnikẹ́ni bá yẹ̀, kí ẹ sọ ọ́fíìsì kan pàtó tí yóò san owó gbà-má-bínú, kí ẹni náà má baà máa rìn láti Ọ̀fà dé Àbújá pẹ̀lú fọ́tò ògiri lọ́wọ́. Kí ẹ sì sọ ọ́ di òfin pé kò sí ohun ìjà tí wọ́n máa dán wò níbikíbi ní Nàìjíríà láìjẹ́ pé wọ́n ti jókòó pẹ̀lú baálẹ̀ àti ará abúlé tó wà lábẹ́ ìlà tí yóò gbà kọjá, kí wọ́n sì padà wá yẹ ilẹ̀ àti omi wọn wò lẹ́yìn rẹ̀.

Ọmọkùnrin kan máa ń ti bárò kọjá ládùúgbò mi ní gbogbo Sátidé, ó máa ń ra irin àlòkù. Bí àbẹ̀bẹ̀ bá bàjẹ́, bí páànù bá jẹrà, òun là ń pè. Mo rò pé kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́rìnlá lọ. Ní Sátidé tó kọjá, ó ń so òṣùwọ̀n rẹ̀ kọ́ igi máńgòrò mi, mo bi í pé bó bá rí irin mísáìlì nílẹ̀, kí ló máa ṣe. Kò ronú jìnnà.

"Màá gbé e, sà. Ṣé ó máa wúwo?"

Mo sọ fún un pé kó má fọwọ́ kàn án. Ó bi mí pé kí ló dé. Mo la ẹnu, n kò sì rí àlàyé tó kún ṣe fún un, èmi tíṣà. Bí ẹ bá ń bọ̀ ní Ọ̀fà, màá mú un dání wá, kí ó bi yín fúnra rẹ̀.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,

Tíṣà jọ́gíráfì kan, ọmọ Ọ̀fà, ní Ìlọrin